Èsì: ẹ jọ̀ọ́, ká má pe nọ́tárì ní abòǹtẹ̀lùwé

Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Mo rí i tí bọ̀dá wa ní ká máa pe nọ́tárì pọ́blíìkì, lọ́yà tó ń jẹ́rìí sí ìwé yẹn, ní abòǹtẹ̀lùwé ní Yorùbá, torí pé síìlì pupa àti sítáǹpù ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má tíì gbà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ, òdì ló máa múra lọ síbẹ̀.

Tí rédíò bá ní gómìnà ti bu òǹtẹ̀ lu nǹkan, ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni pé ó ti gbà á wọlé, ó parí. Nọ́tárì ò ṣèyẹn. Kò sọ pé òótọ́ lohun tó wà nínú ìwé yín, ohun tó ń sọ ni pé lágbájá wá síwájú òun, òun wo káàdì ẹ̀, òun sì fojú ara òun rí i bó ṣe sáìn ín. Ẹlẹ́rìí ni.

Àǹtí mi kan ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ lọ lo họlidé lọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí òun àti ọkọ ẹ̀ kọ lẹ́tà pé àwọn yọ̀ǹda kí ọmọ bá ẹlòmíì rìn. Ọmọkùnrin tó bá wọn tẹ lẹ́tà ní kí wọ́n kàn lọ lu òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà. Lu òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lò gan-an nìyẹn, ni wọ́n bá jókòó sílé wọ́n sáìn, wọ́n wá fi ìwé rán ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Lọ́yà gba ìwé, ó wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó wo ọmọ, ó ní, "Àwọn tó sáìn dà?" Ó ní kí wọ́n lọ tẹ òmíì tí bíró ò tíì kàn, kí ìyá àti bàbá wá fúnra wọn, kí wọ́n mú NIN, pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ dání, ojúlówó àti fọ́tòkọ́pì. Ó tún yọ ọ́ síta pé orúkọ ilé ọkọ ni àǹtí fi sínú lẹ́tà, orúkọ bàbá wọn ló sì wà lórí NIN, ìyẹn di kí wọ́n lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣi gbogbo wọn lọ́nà yìí o!

Òfin Evidence Act ọdún 2011 náà, abala 150, sọ pé tí ìwé tá a fi fún ẹlòmíì láṣẹ láti ṣojú wa, páwà ọ́f atọ́nì yẹn, bá fi hàn pé iwájú nọ́tárì la ti sáìn ín tó sì jẹ́rìí sí i, kí kọ́ọ̀tù gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Iwájú ẹ̀ o, kì í ṣe òǹtẹ̀ ni òfin fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ti sístà tó ní "akọ̀wé gbogbo gbòò", ìyẹn ò lè bá tiwa mu. Ní Nàìjíríà lọ́yà ni nọ́tárì, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ló ń yàn án, akọ̀wé ní etí wa sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó di bíró mú. Àwọn tó ń búra fúnni ní ọ́fíìsì kọ́ọ̀tù gíga ńkọ́, wọn ò nílò orúkọ tuntun, "mo ń lọ búra ọjọ́ orí" ti tó.

Èyí tí mo mú wá ni lọ́yà ajẹ́rìísọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ ro ajẹ́rìí-ìbuwọ́lùwé, àmọ́ yàtọ̀ sí pé ó gùn, ó ti àwọn àgbà tí ò kàwé síta. Bàbá tí ò mọ̀wé kì í buwọ́ lùwé, wọ́n á ka ìwé sí i létí ní Yorùbá láti òkè délẹ̀, wọ́n á bi í pé ṣé ó yé yín, bàbá á ní ó yé mi, wọ́n á wá di àtàǹpàkò ẹ̀ mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú íńkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwèé, lọ́yà á sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka. Ọwọ́ ni ti ẹni tó sáìn, ọwọ́ náà ni ti ẹni tó tẹ̀ka, ọ̀rọ̀ kan gba àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá sì ní kó lọ rí ajẹ́rìísọ́wọ́, á mọ̀ pé ọwọ́ òun gbọ́dọ̀ débẹ̀, kò ní sáìn sílé, kò ní ránṣẹ́. Òǹtẹ̀ ò sọnù o, ká fi í pe síìlì tó wà lórí ìwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń túmọ̀ ìwé fún àwọn àgbà, pàápàá ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé "I hereby indemnify", ìyẹn pé èèyàn á ru àdánù tó bá tibẹ̀ yọ, kí lẹ máa ń sọ fún bàbá kó tó tẹ̀ka?