Wáyà ni àbí ike tí kò hàn? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ eyín ọmọ mi

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 14, eyín òkè rẹ̀ sì gun orí ara wọn, a wá fẹ́ bá a tò ó. Nígbà tí wọ́n ṣe ti àbúrò mi láyé ọjọ́sí, ohun kan bí àmàlà tútù ni wọ́n kì sí i lẹ́nu láti fi gba àwòṣe eyín. Díẹ̀ ló kù kó bì. Ti ọmọ yìí, ọ̀pá kékeré kan tó ní kámẹ́rà lórí ni wọ́n ń yí káàkiri ẹnu rẹ̀, kò pẹ́ tí gbogbo eyín fi hàn lórí kọ̀ǹpútà. Dókítà tún fi bí wọ́n ṣe máa tò nígbẹ̀yìn hàn wá. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín!

Wàhálà tèmi nìyí: ọmọ ní ike tí kò hàn, irú bíi Invisalign, tí wọ́n ń fi bo eyín kó lè tò, lòun fẹ́. Wákàtí 20 sí 22 ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu lójúmọ́, yóò sì máa pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì. Ọmọ tó ń sọ bírò nù lójoojúmọ́! Wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín, ọmọ kò lè fúnra rẹ̀ yọ ọ́, ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti lo ike yìí, ṣé eyín rí bí kọ̀ǹpútà ṣe fi hàn? Bó bá sọ ọ̀kan nù, ṣé wọ́n á tún un ṣe láti inú àwòrán tó wà nílẹ̀, àbí owó mìíràn ni? Èyí tí wọ́n ń fi há eyín lẹ́yìn tó bá ti tò tán, kó má padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń rí i pé ọmọ ń lò ó lálaalẹ́?