Lẹ́tà GT dé láti iléèwé, ẹ gbà mí o!

Ìyá Délé, Houston: Òkun o, ará ilé, ẹ̀yin ọmọ ilẹ̀ Òkun. Ta ló ṣì lajú sílẹ̀? Lẹ́tà kan ni mo bá nínú báàgì Délé, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n lè ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní CogAT fún un, ó pẹ́ tán ọjọ́ Ẹtì. Kíláàsì kejì ló wà! Kí ló ṣe ọmọ mi? Tó bá sì yege, ṣé bọ́ọ̀sì máa gbé e lọ sí iléèwé mìíràn ni?

Bàbá Ṣọlá, Dallas: Kò ṣe nǹkan kan. Ìdánwò làákàyè ni; àwọn tí orí wọn pé jù ni wọ́n ń ṣà sí GT, ìyẹn "gifted and talented". Òfin Texas ló ní kí wọ́n máa ṣà wọ́n. Ẹ fọwọ́ sí i! Èmi rí "services" lórí ti Ṣọlá, mo rò pé kíláàsì àwọn tí ìwé ò wọ orí wọn ni, mo kọ "RÁRÁ" gàdàgbà. Ọdún kan gbáko ló fi ń ya ẹṣin sí etí ìwé ìṣirò.

Àǹtí Ìsánlú, Maryland: Ẹ má sì fi ìwé pa á. Aago márùn-ún ni mò ń jí tèmi. Apá mẹ́ta ni ìdánwò náà, ọ̀rọ̀, nọ́ńbà, àwòrán: ká tó dé àwòrán, ó ti sùn sórí tábìlì.

Ọmọ Kàbà, Chicago: Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè èdè tí à ń sọ nílé ńkọ́? "Gẹ̀ẹ́sì nìkan" ni mo kọ, kí wọ́n má baà tì í sí kíláàsì àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá Ṣọlá: Háà! Ọmọ kíláàsì yẹn náà lè wọ GT. Ẹ sẹ́ èdè ìyá yín lásán.

Ọmọ Kàbà: Ará Ẹ̀gbẹ̀ àti àríyànjiyàn! Ọmọ mi wọlé, àbí kò wọlé?

Àǹtí Ìsánlú: Tí Màmá bá pè, ta ló ń túmọ̀?

Ọmọ Kàbà: … Lánàá Màmá kí i ní "òkun" bí a ṣe ń kíra wa nílé. Ọmọ náà ní ṣé èyí tí ọkọ̀ òfuurufú gbà kọjá ni.

Bàbá Ṣọlá: Gbogbo GT yẹn! 😂 Ẹ̀gbẹ̀ ti ní iléèwé Titcombe láti 1951, ẹ̀yin ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá olóye kiri.

Ọmọ Kàbà: Iléèwé St. Augustine's tiwa ní Kàbà ńkọ́? Ẹ lọ sinmi nínú ooru Dallas yín.

Ìyá Délé: Ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀sì…

Àǹtí Ìsánlú: Ooru sàn ju yìnyín Chicago lọ. Ọyẹ́ ilé ló ń wù mí, kí ètè là, kí n jókòó ti iná, kí iṣu máa jóná díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Kàbà: Iṣu tí mo rà níbí, àárín rẹ̀ dúdú bí èédú. Dọ́là mẹ́rìndínlógún!

Bàbá Ṣọlá: Ẹ wá sí Dallas.