Ìyá àgbà wa ò fẹ́ jẹun, wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣé ogbó lásán nìyí?

Àbíkẹ́yìnMàmá:
Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tó bí màmá mi ti pé 87, Ìbàdàn ni wọ́n wà, àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà ní Bódìjà kí ẹsẹ̀ tó dá wọn jókòó. Látìgbà tí bàbá ti lọ ni wọn ò ti jọ ẹni tá a mọ̀ mọ́. Àmàlà tí wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n á kàn bù ú lẹ́ẹ̀mejì wọ́n á ní ká gbé e kúrò. Aago mẹ́ta òru wọ́n ti jí, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tá a bá bi wọ́n, wọ́n á ní gbogbo ara ló ń ro àwọn, orí ń gbóná, "àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ tán, kí ni mo tún jókòó dè". Kẹ́míìsì àdúgbò fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ara ríro, kò yí nǹkan kan padà. Àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ogbó ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáÌbejì_Ṣakí:
Ẹ má da ìyá láàmú jàre. Ẹni tó ti lé ní 80, tó ti sin ọkọ, tó ti sin ọ̀rẹ́, ṣé ẹ fẹ́ kó máa jó ni? Ẹ máa gbàdúrà fún wọn, ẹ máa po ẹ̀kọ gbígbóná fún wọn. Depression, àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pariwo yẹn, àwọn òyìnbó tí ò lẹ́bí nítòsí ló ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÀdó:
Bàbá, ẹ kú àgbà sà, àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú yín. Ó ń ṣe àwa náà, kódà kí ọmọ kún ilé. Àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ló ṣáájú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé ní 2003 ní ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, wọ́n bá àgbàlagbà tó ju 2,000 lọ sọ̀rọ̀, ẹni ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 26 ni ìrẹ̀wẹ̀sì tó di àìsàn ti ṣe rí, bíi 7 ló sì ṣe láàárín ọdún kan péré tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n bi wọ́n. Ilé wa níbí ni wọ́n ti rí i o, kì í ṣe ìlú òyìnbó.

Àbíkẹ́yìn, àwọn àgbà wa kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́, ara ni wọ́n á máa pè. Ara ríro, orí gbígbóná, oúnjẹ tí ò lọ, kéèyàn jí lóru kó má lè sùn mọ́, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ kẹ́ ẹ lọ sọ fún dókítà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, láti 2012, Chief Tony Anenih Geriatric Centre ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á wo ìfúnpá àti ṣúgà, torí àìsàn míì lè fara jọ ọ́, wọ́n sì lè bi wọ́n ní ìbéèrè 15 kan tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà láti fi mọ̀ bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Ẹ má lọ ra amitriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan, fún wọn fúnra yín o, ó lè dà wọ́n lọ́pọlọ rú, ó lè di ìtọ̀ mọ́ wọn, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n ṣubú. Èyí tí dókítà bá fún wọn náà, ìwọ̀nba ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn, ẹ má dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ pé kí ni àwọn ń dúró dè yẹn, ẹ fẹ̀sọ̀ bi wọ́n bóyá ó ń wá sí wọn lọ́kàn láti pa ara wọn. Bíbéèrè ẹ̀ ò ní kó èrò náà sí wọn lórí. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí tí wọn ò mu omi mọ́, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, ẹ sì kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé.

ỌmọẸ̀gbá_Peckham:
Nọ́ọ̀sì ti sọ ti oògùn, ẹ jẹ́ n sọ tilé. A mú màmá wa wá sí London ká lè máa tọ́jú wọn, a ò mọ̀ pé inú flat nìkan ni wọ́n á máa wà láti àárọ̀ títí alẹ́, gbogbo wa lọ síbi iṣẹ́, òtútù ò jẹ́ kí wọ́n jáde, kò sẹ́ni tó ń kí wọn ní "ẹ káàárọ̀ mà". Ní Abẹ́òkúta, àwọn ni ìyá ìjọ, èèyàn kì í ṣe ìgbéyàwó kó má fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Ohun tó ń dùn mí jù ni bá a ṣe máa ń fi nǹkan pa mọ́ fáwọn àgbà, ẹnì kan kú a ò ní sọ, ilẹ̀ fẹ́ẹ́ tà a ò ní sọ, a ní ká má kó ìdààmú bá wọn, wọ́n á wá rí i pé àwọn ò sí nínú nǹkan kan mọ́ nínú ilé táwọn kọ́. Nígbà tí wọ́n padà sílé tá a tún ń pè wọ́n pé màmá kí lẹ rí sí i, ohùn wọn yàtọ̀. Ẹ̀gúsí tí wọ́n bá lè bó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bó o.

Àbíkẹ́yìnMàmá:
Ẹ ṣé gan-an ni. A ò tíì sọ fún wọn pé àbúrò wọn tó wà ní Ọ̀yọ́ kú, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀. Màá bá màmá mi sọ ọ́ lónìí. Nọ́ọ̀sì, etí wọn ọ̀tún ò fẹ́ẹ́ gbọ́ nǹkan mọ́, ṣé kí n fìyẹn kún un?

Nọ́ọ̀sì_ÒkèÀdó:
Fi kún un dáadáa. Ẹni tí ò gbọ́ràn, tó bá yá kò ní dá sí ọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ará ilé á ní kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ní kí wọ́n wo ojú náà. Kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú lailọọ̀nù kan, àgbo pàápàá, kó o gbé e lọ.