Ṣé àkáǹtì pọ́n-ùn lè bá mi san gbèsè káàdì Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Gbèsè káàdì àwìn (credit card) tí mo jẹ nígbà tí mò ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣì ku 640 pọ́n-ùn, èlé sì ń gorí èlé. Mo fi káàdì náírà gbìyànjú, kò gbà. Mo lo àkáǹtì dọ́là mi lẹ́ẹ̀kan: wọ́n yọ owó ìfiránṣẹ́, wọ́n tún ṣẹ́ dọ́là sí pọ́n-ùn ní iye tó wù wọ́n. Ó dùn mí!

Àbúrò mi ní kí n ṣí àkáǹtì orí fóònù tó ń gba pọ́n-ùn, kí àwọn oníbàárà òkè òkun máa sanwó aṣọ síbẹ̀.

Tí mo bá fi nọ́ńbà káàdì ṣe reference (àmì tí wọ́n fi ń mọ gbèsè tí owó náà wà fún), ṣé owó láti irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ á wọlé síbi gbèsè náà?

Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀ o.