Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìrin gàárì ń jóná: púlì wo ni kí a rà?

OníGàárì_Láfẹ́ńwá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Bẹ́líìtì A méjì (bẹ́líìtì tó rí bíi V, A ni ìwọ̀n rẹ̀) ló ń yí ẹ̀rọ ìrin gàárì wa. Mọ́tò oníná hp (agbára ẹṣin) 5 ni, yíyí 1440 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Púlì orí mọ́tò jẹ́ mílímítà 100, ti ìlù ìrin jẹ́ 240. Bí gbágùúdá bá ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́líìtì á máa ké, á sì máa rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Báwo la ṣe ń ṣírò eré bẹ́líìtì, kí ló sì yẹ ká rà?

Tọ́nà_Kútọ̀
Ìṣirò náà kò le. Ẹ sọ ìbú púlì di mítà, ẹ fi 3.1416 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 60 pín in. Tiyín: 0.1 × 3.1416 × 1440 ÷ 60 = mítà 7.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìlù ìrin ń yí ní 1440 × 100 ÷ 240, ìyẹn 600. Bí ẹ bá ṣírò láti ibi púlì ńlá, 7.5 kan náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún ìṣirò yín ṣe. Ibi tí bẹ́líìtì jókòó sí nínú kòtò púlì ni ẹ ó wọ̀n, kì í ṣe etí rẹ̀ lóde.

Ẹ má kàn fa bẹ́líìtì le o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: bíárìn mọ́tò ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Ẹ́ńjíníà_Ẹ̀gbá
Òótọ́ lọ̀gá Tọ́nà sọ. 7.5 yẹn gan-an ni wàhálà. hp 5 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 3,700. Ẹ fi 7.5 pín in, agbára tí bẹ́líìtì ní láti fi fà á jẹ́ nǹkan bíi níútìnnì 490 (níútìnnì ni a fi ń wọn agbára ìfà). Bẹ́líìtì A kan lórí púlì 100 kì í gbé ju nǹkan bíi kìlówáàtì kan àtààbọ̀ lọ, nítorí náà méjì kò tó.

Bí ẹ bá pààrọ̀ púlì mọ́tò nìkan sí 150, ìlù á fò lọ sí 900, mọ́tò á sì gbóná. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì: 150 lórí mọ́tò, 360 lórí ìlù. 600 náà ni ìlù á ṣì máa yí, ṣùgbọ́n eré bẹ́líìtì á di 11.3, agbára ìfà á sì já sí nǹkan bíi 327. Bẹ́líìtì B méjì, tó nípọn ju A lọ, á gbé e dáadáa. B kò fẹ́ púlì tó kéré sí 125, inú rẹ̀ ló máa ń sán. Ẹ má bẹ̀rù 11.3, púlì irin dídà lè gba eré tó tó 30.

OníGàárì_Láfẹ́ńwá
Ẹ ṣé gan-an ni, ọ̀gá. Mílímítà 600 ló wà láàárín ṣáfúùtù (ọ̀pá tó gbé púlì) méjèèjì. B nọ́ńbà wo ni ká béèrè?

Ẹ́ńjíníà_Ẹ̀gbá
Ẹ kọ́kọ́ ṣírò gígùn bẹ́líìtì ní mílímítà: 600 lọ́nà méjì jẹ́ 1200. Ẹ fi 1.57 sọ àpapọ̀ ìbú méjèèjì, 510, di púpọ̀: 801. Ìyàtọ̀ ìbú wọn jẹ́ 210. Ẹ fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 2400 pín in: 18. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2019. Nọ́ńbà ara B jẹ́ gígùn inú bẹ́líìtì ní ínṣì, nítorí náà ẹ yọ nǹkan bíi 45 kúrò, kí ẹ fi 25.4 pín ìyókù. B78 ni. Méjèèjì ni kí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, tuntun nìkan ni yóò máa ru ẹrù.

Mẹkáníìkì_Pánṣẹ́kẹ́
Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín bẹ́líìtì, kó rọ̀ wálẹ̀ bíi mílímítà 9 sí 10. Ẹ tún un fà lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, torí bẹ́líìtì tuntun máa ń nà. Ẹ wo inú kòtò púlì náà: bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ń dán, bẹ́líìtì ti ń jókòó sí ìsàlẹ̀, kò fi ẹ̀gbẹ́ dì í mú mọ́.

Omi gbágùúdá tún wà ńbẹ̀. Ẹ fi páànù bo bẹ́líìtì kí omi má ta sí i, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sì wọ ibẹ̀. Ẹ má da epo tàbí ọṣẹ sí i kó má baà ké.

Láti mọ̀ bóyá ó ń yọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí púlì ńlá, kí ẹ fi fóònù tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ya fídíò rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí àmì bá padà sípò lẹ́yìn àwòrán 24, 600 ló ń yí. Bó bá di 25, ó ti já sí 576, bẹ́líìtì sì nílò fífà.