Ẹ̀yin tí wọ́n ti yọ eyín fún rí, ẹ wá sọ bí ti yín ṣe rí

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi láti kọ èyí, torí nígbà tí wọ́n ní wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ eyín fún mi, mi ò rí ẹni tó sọ bó ṣe máa ń rí fún mi, ẹ̀rù nìkan ni gbogbo wọn ń dá bà mí. Eyín tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ ni, eyín ọgbọ́n. Ṣe ló dùbúlẹ̀ sínú erìgì tó forí ti eyín tó wà níwájú ẹ̀, ìdajì ẹ̀ ò jáde rárá. Oúnjẹ á há síbẹ̀, á wú, ọyún á máa jáde, màá lo oògùn á rọlẹ̀, tó bá di oṣù méjì ó tún ti dé. Mo ti fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo ti fi kànáfùrù sí i, ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n fi ògógóró sẹ́nu kí n mú un dúró síbẹ̀, ìyẹn bó gbogbo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Oníbàárà á máa bi mí pé èló ni kàmpálà, ọwọ́ ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dọ́kítà eléyín, wọ́n ya ẹ́ksíréè, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, wọ́n bi mí bóyá mo ní ìtọ̀ ṣúgà, bóyá mo lóyún, àwọn oògùn wo ni mò ń lò. Wọ́n ní kí n jẹun kí n tó wá lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣe é, torí wọn ò ní mú mi sùn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ibẹ̀ kú ló dùn mí jù, ó ta mí dáadáa, àmọ́ kò pẹ́ tí ètè mi kú bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n la erìgì, wọ́n gbẹ́ egungun díẹ̀ kúrò, wọ́n gé eyín náà sí méjì kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n wá rán an. Mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, mò ń mọ̀ pé wọ́n ń tì í wọ́n ń fà á, ṣùgbọ́n kò dùn mí.

Ilé ni ẹjọ́ wà. Ọjọ́ kẹta ni mo wú jù, ẹnu mi ò là ju kí ṣíbí kékeré wọlé lọ. Ògì tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni mò ń mu, nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewédú gbé láfún rírọ̀ mì. Ìrọ̀rí méjì ni mo fi ń gbórí sókè sùn. Ẹ̀yin ńkọ́?

Awakọ̀ Láfẹnwá
Ìyá wa, ẹ kú ewu. Èmi ò tọ́jú tèmi bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n fi eyín tẹ òwú tí wọ́n fi sí i mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n má tutọ́, kí n má yọ ẹnu títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, kí n má mu sìgá, kí n má fa nǹkan mu. Bí mo ṣe rí i tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ itọ́ lẹ́nu mi, ó dà bíi pé ẹ̀jẹ̀ ń tán lára mi ni, mo bá ń tu ú dànù, mo fi omi yọ ẹnu, mo tún mu sìgá lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ìrora kan bẹ̀rẹ̀ látinú kòtò eyín yẹn, ó gba etí lọ sórí, oògùn tí mo lò ò ràn án. Mi ò lè gbé ọkọ̀ jáde. Dọ́kítà ní ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dì síbẹ̀ kó bo egungun ti kúrò, egungun ti wà níta. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi oògùn kan tó ń rùn bíi kànáfùrù dí ibẹ̀, kò tó wákàtí kan tí mo fi mí kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà lọ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fahọ́n kàn án.

Àbíkẹ́yìn Aṣẹ́rò
Ẹ kú alẹ́ mà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tèmi, mi ò sùn láti àná. Tó bá di pé oró ń dé sí mi nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́ ńkọ́?

Aládìrẹ Ìtòkú
Ọmọ mi, na ọwọ́ sókè. Wọ́n máa dúró, wọ́n á fún ẹ ní abẹ́rẹ́ sí i. Èmi náà nawọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá délé, lo oògùn ìrora kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lára ẹ, má dúró dìgbà tó bá ń dùn ẹ́. Bí wọ́n bá sì fún ẹ ní Flagyl, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, má fi ẹnu kan ọtí kankan, ẹmu náà ọtí ni.

Màmá Ìbejì Ọbáńtokò
Ti àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ. Eyín ìsàlẹ̀ ń dùn ún, ó lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń ta oògùn, wọ́n po oògùn fún un, ó lò ó fún ọjọ́ márùn-ún. Abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó wú dé ọrùn, ó le bí igi. Ní òru ọjọ́ kan ahọ́n ẹ̀ gbéra sókè, kò lè gbé itọ́ mì mọ́, mímí ò já gaara. Òru yẹn la gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n gé abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ kí ọyún lè jáde, wọ́n yọ eyín náà, ó lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ níbẹ̀. Ojú àpá ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ títí dòní. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ọrùn èèyàn ń wú tórí eyín, tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, bíi FMC (ọsibítù ìjọba àpapọ̀) Ìdí-Àbà tàbí State Hospital Ìjàyè ní Abẹ́òkúta wa níbí.

Awakọ̀ Láfẹnwá
Hà, Ọlọ́run ṣeun o. Ẹ bá mi kí i.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún dọ́kítà eléyín kí wọ́n tó gbé nǹkan kan sí i lẹ́nu. Àwa ò sọ ti bàbá wa, a rò pé kò kan eyín. Títí ilẹ̀ fi mọ́ lẹ̀jẹ̀ ń ro. Ẹ má sì fọwọ́ ara yín dá oògùn náà dúró o, dọ́kítà tó kọ ọ́ fún wọn ni kẹ́ ẹ bi.

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Wọ́n tú okùn tèmi ní ọjọ́ keje, kò dùn mí. Ètè mi ṣì ń rìn mí wìnnìwìnnì lápá ọ̀tún, dọ́kítà ní iṣan tó gba abẹ́ eyín yẹn kọjá ló fà á, pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà míì oṣù, mo ṣì ń lọ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Sátidé tó kọjá ni mo kọ́kọ́ fi apá ibẹ̀ jẹ ẹran. Àbíkẹ́yìn, tó o bá ṣe tìẹ tán, wá sọ fún wa níbí.