"Ìpolówó ẹ̀sìn" kọ́ ló yẹ ká pè é

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe ìpolówó ọjà tó bá lo àwòrán Jésù tàbí mọ́ṣáláṣí ní "ìpolówó ẹ̀sìn". Ẹ foríjì mí, mi ò fara mọ́ ọn. Pásítọ̀ tó ń lẹ pósítà ìsọjí káàkiri Ìkòròdú, ẹ̀sìn ló ń polówó. Ṣùgbọ́n ìyá alágbo tó ya àgbélébùú sára ìgò lọ́jà Àgbálátà, níbí ní Àgbádárìgì, àgbo ló ń polówó. Ẹ̀sìn ló fi ń polówó rẹ̀. Inú "fi" yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí "fi ẹ̀hónú hàn" ṣe di ìfẹ̀hónúhàn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ìfẹ̀sìnpolówó. Ẹ ò ní sọ pé ó gùn jù, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń bẹ lórí rédíò lójoojúmọ́.

Ti ẹni tó ní ká pè é ní "ìpolówó ọ̀rọ̀ òdì", ìyẹn ti dájọ́ kó tó gbẹ́jọ́.

Ẹ rántí ìpolówó Sterling Bank nígbà ọdún Àjíǹde 2022: "Like Agege Bread, He Rose!" CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, fárígá, APCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó nígbà náà, ní wọn ò gbé e wá fún àyẹ̀wò, báǹkì sì tọrọ àforíjì. Èmi ò bá wọn dá sí ẹjọ́ yẹn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, "rose" kan náà ni fún búrẹ́dì àti fún Jésù. Àmọ́ ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Búrẹ́dì a máa wú, Jésù jíǹde. Ta ló gbọ́ ọ rí pé búrẹ́dì jíǹde? Bẹ́ ẹ bá sì ní Jésù wú, ọ̀ràn dé, torí òkú ló ń wú! Àwàdà tó jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lásán lédè Gẹ̀ẹ́sì ti di èébú gidi lẹ́nu wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi náà ti mẹ́hẹ rèé. Òtẹ́ẹ̀lì kan níbí ya Zàngbétò, eégún àwọn Ègùn, sára ògiri, ó ya ìgò bíà tì í. Ṣé ẹ̀sìn nìyẹn? Aládùúgbò mi tó jẹ́ Ègùn ní "zan" ni òru, "gbeto" ni ènìyàn. Ọlọ́dẹ òru ni. Nítorí náà ìfẹ̀sìnpolówó ò bá a mu. Mo dán "ìfohun-ọ̀wọ̀-polówó" wò, ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo bi aládùúgbò mi fúnra rẹ̀ pé kí ló máa pè é. Ó wo ògiri náà títí.

"Wọ́n ń fi bàbá wa ta ọtí," ló wí.